Bí Ìlú Ìdí-Àfọ̀n Ṣe Gba Orúkọ Látìn

Tí ẹ bá wọ itẹ́ òkú kankan láti Ṣàgámù títí dé Ìkẹ́nnẹ́, tí ẹ rí òkúta mábù tí lẹ́tà ara rẹ̀ dúró ṣánṣán, tí ọ̀kan ò fara ti èkejì, ẹ má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni léèrè. Èmi ni mo gbẹ́ ẹ, tàbí kó jẹ́ ọ̀gá mi. Iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe nìyẹn, gbígbẹ́ orúkọ sára òkúta. Òkúta ojú oórì, òkúta ìpìlẹ̀ ilé ìwé, òkúta ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí, gbogbo rẹ̀ la máa ń ṣe. Iṣẹ́ náà sì ní àǹfààní kan tí àwọn télọ̀ ò ní. Púpọ̀ nínú àwọn tí mo ṣiṣẹ́ fún ló wà lábẹ́ iṣẹ́ ọ̀hún báyìí, kò sì sí ọ̀kan tó tíì dìde wá sọ fún mi pé kò bá òun lára mu.

Mo ti fẹ̀yìn tì. Ìlíṣàn ni mò ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi, àwọn ọmọ yunifásítì tó háyà yàrá nínú ilé náà sì fẹ́ràn láti máa wá jókòó tì mí. Ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni pé iṣẹ́ wo ni kọ̀ǹpútà ò ní gbà lọ́wọ́ èèyàn. Ìbéèrè náà máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, torí kọ̀ǹpútà ti gba tèmi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe gbà á, kí n sì sọ èyí tí kò rí gbà níbẹ̀. Mi ò ní jẹ́ kó gùn jù, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé àgbà tí wọ́n bá ti gbé àga fún kì í tètè dìde.

Làsísì lorúkọ mi. Obì ni wọ́n ń tà nílé wa ní Ṣàgámù. Baba mi ń tà á, baba baba mi tà á, àwọn Gàǹbàrí oníbàárà wa sì mọ ẹnu ọ̀nà wa ju bí àwọn ará àdúgbò ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ibi tó yẹ kí n bá ìdílé lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń ṣa obì sínú agbọ̀n ni ṣọ́ọ̀bù Bàbá Pọ́ọ̀lù wà, ìró òòlù rẹ̀ ò sì jẹ́ kí n gbádùn. Mo máa ń gbé ọwọ́ lé obì, ojú mi á wà lára òkúta. Nígbà tí baba mi rí i pé obì tí kòkòrò ti jẹ ni mò ń kó mọ́ èyí tó dáa, ó fà mí lọ́wọ́ lọ bá ọkùnrin náà. Ó ní ìṣòro òun kan ṣoṣo ni pé Àgùdà ni Bàbá Pọ́ọ̀lù, Mùsùlùmí sì ni àwa. Bàbá Pọ́ọ̀lù dáhùn pé òkúta ò mọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì mọ mọ́ṣáláṣí, ẹni tó bá mú irin dáadáa ló mọ̀. Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ owó àti àdéhùn tó tẹ̀ lé e ò dùn ún gbọ́, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ẹni tó bá rò pé òun á dé ibi iṣẹ́ lónìí, kí òun gbá òòlù mọ́ òkúta lọ́la, kì í ṣe ọ̀dọ̀ Bàbá Pọ́ọ̀lù ló ń lọ. Irin ni mo kọ́kọ́ ń pọ́n. Mo pọ́n irin títí tí àtàǹpàkò mi fi le bí pátákó. Lẹ́yìn náà ló gbé síléètì fún mi pé kí n máa fi ẹfun kọ lẹ́tà sí i. Bí mo bá kọ ọ́ tán, tí mo gbé e wá pẹ̀lú ẹ̀rín, á wò ó fínnífínní, á fi àtẹ́lẹwọ́ nu gbogbo rẹ̀ nù, á sì dá a padà fún mi. Kò ní sọ ohun tí kò dáa níbẹ̀. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ rí i fúnra mi. Mo sunkún nígbà náà, mi ò ní parọ́, àmọ́ bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ó dé ìgbà kan tó wo síléètì náà, tó fi sílẹ̀ láì nù ún, tó sì bá tirẹ̀ lọ. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun alẹ́.

Ẹ má rò pé ó máa ń nà wá o. Kò nà mí rí. Ohun tó máa ń ṣe burú ju nínà lọ. Mo ń gbẹ́ òkúta kan lọ́jọ́ kan, èmi àti ẹnì kejì mi tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ ti jà láàárọ̀, inú ṣì ń bí mi. Iṣẹ́ náà dára lójú tèmi. Bàbá Pọ́ọ̀lù dé, ó dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Lẹ́tà yìí ń bínú." Ó ní kí n fi iyanrìn àti omi ha ojú òkúta náà títí gbogbo ohun tí mo gbẹ́ yóò fi pa rẹ́. Ọwọ́ mi bó. Nígbà tí mo tún un gbẹ́ tán, tí mo fi ojú ara mi rí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀, ẹnu mi wọlẹ̀. Títí dòní, bí mo bá rí lẹ́tà tí wọ́n fi ìbínú kọ sára ògiri, mo máa ń mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n èyí tó máa ń bí àwọn oníbàárà wa nínú jù ni òfin rẹ̀ kan. Kì í gbẹ́ orúkọ ẹni tí kò mọ ilé rẹ̀, kì í sì í gbẹ́ orúkọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì dé. Bí ìyá ẹnì kan bá kú ní Ògèrè, Bàbá Pọ́ọ̀lù á wọ ọkọ̀ lọ sí Ògèrè, á jókòó nínú ilé olóògbé, á bi wọ́n léèrè irú ẹni tó jẹ́, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, á jẹ ẹ́. Ìgbà tó bá dé ló tó máa mú irin. Ó ní ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ, pé ẹni tó ń gbẹ́ orúkọ náà yẹ kó wo ilé. Àwọn tí ìsìnkú ń kán lójú máa ń bú u. Ọ̀gá ńlá kan gbé iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lójú mi nítorí ọ̀rọ̀ yìí, Bàbá Pọ́ọ̀lù sì ràn án lọ́wọ́ láti gbé òkúta sínú ọkọ̀, ó tún bá a ti ìlẹ̀kùn bùútù. Èmi ni ara ń ta. Òun ò tiẹ̀ mí kanlẹ̀.

Wọ́n dá mi sílẹ̀, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi létí títì ní Ṣàgámù, Ọlọ́run sì bá mi ṣe é. Irin ọwọ́ la ń lò nígbà yẹn. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ kékeré tí iná ń gbé yí dé, tó ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, a sì ń fi aṣọ di imú nítorí eruku. Lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ fẹ́ iyanrìn sójú òkúta dé. Kẹ́yìn-kẹ́yìn, kọ̀ǹpútà dé, tí èèyàn á kàn tẹ orúkọ sínú rẹ̀, tí ẹ̀rọ á sì máa gbẹ́ ẹ lọ nígbà tí o bá ń jẹ ẹ̀bà. Mo ra ọ̀kan. Mo lọ gbé Bàbá Pọ́ọ̀lù wá kó wá wò ó, torí mo fẹ́ kó yìn mí. Ó jókòó tì í títí tó fi parí òkúta kan. Ó fọwọ́ pa á, ó ní ó mọ́, ó ní ó mọ́ gan-an ni. Ó wá bi mí pé ṣé ẹ̀rọ náà béèrè ẹni tó kú. Mo ní rárá. Ó ní kí n máa bá a béèrè nígbà náà. Mi ò mọ ọ̀gá mìíràn tí ìbá rí ohun tó fẹ́ pa iṣẹ́ rẹ̀ run, tí kò ní sọ ọ̀rọ̀ búburú kan sí i.

Ẹ wo bí mo ṣe ń pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ojú ń tì láti wọlé. Ọ̀rọ̀ Látìn ni mo fẹ́ sọ.

Mo ti darúgbó díẹ̀, Bàbá Pọ́ọ̀lù ti darúgbó gan-an, nígbà tí Fadá Antoní wá bá wa. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá sí agbègbè Akaka ni. Ìjọ rẹ̀ ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun sí ìlú kékeré kan lẹ́yìn Akaka tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Àfọ̀n, níbi tí ègé àti ọ̀pẹ ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Ó fẹ́ òkúta kan tí yóò wà lókè ẹnu ọ̀nà, ó sì fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ìlú náà sí i ní èdè Látìn, bí àwọn baba ìjọ Àgùdà ṣe máa ń ṣe láti ayébáyé. Mo bi í pé ibo ni ìlú wa ti fẹ́ rí orúkọ Látìn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ará Róòmù àtijọ́ kì í da ara wọn láàmú lórí orúkọ. Bí wọ́n bá tẹ̀dó síbi tí afárá wà, wọ́n á ní Létí Afárá. Bó bá jẹ́ ìdí igi ni, wọ́n á ní Ad Arborem, ìyẹn ni Ní Ìdí Igi. Ìyẹn wú mi lórí púpọ̀. Àwọn baba wa tó sọ ibì kan ní Ìdí-Ìrókò, tí wọ́n sọ ibòmíràn ní Ìdí-Apẹ, àwọn àti ará Róòmù ò pàdé rí, wọ́n sì jọ ń ronú bákan náà.

Fadá ní igi nìkan ò tó, torí ibi gbogbo ni igi wà. Ó ti béèrè lọ́wọ́ ilé Baálẹ̀ pé igi ta ni, wọ́n sì sọ fún un pé ọdẹ ni baba ńlá wọn, pé abẹ́ igi àfọ̀n tó wà níbẹ̀ ló ti pa erin, ibẹ̀ ló sì ti di ìlú. Ohun tó fẹ́ ká gbẹ́ nìyí: AD ARBOREM VENATORIS, Ní Ìdí Igi Ọdẹ. Ó ní òun á fi orúkọ náà ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ìjọ, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé wọn, ọ̀rọ̀ sì parí. Ó bẹ Bàbá Pọ́ọ̀lù pé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ. Bàbá gbà. Àmọ́ ó ní òun ò tíì dé Ìdí-Àfọ̀n rí.

Èmi àti Bàbá la gun ọ̀kadà lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, èso àfọ̀n ti ń já. Bí a ṣe dé etí ìlú, ìyá arúgbó kan jókòó lórí àpótí, ó gbé ọwọ́ sókè, ó dá ọlọ́kadà dúró. Ó bi wá bóyá àlejò ni wá. A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó na ewé kan sí wa, hóró àfọ̀n tí wọ́n sè ló wà nínú rẹ̀, ó ní ká jẹ ẹ́. Mo fẹ́ máa fa ọwọ́ sẹ́yìn, ni ọlọ́kadà, tó jẹ́ ọmọ ìlú náà, bá bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ jẹ ẹ́, pé ó ti pẹ́ tí ó ti ń wu òun, pé ìlú ò lè jẹ àfọ̀n ọdún yẹn àfi tí àlejò bá kọ́kọ́ jẹ nínú ẹ̀, àti pé ọkùnrin kan tó ń kiri okùn fóònù kọjá lánàá, tó rò pé wọ́n fẹ́ fi òun ṣoògùn ni, tó sá lọ. Bàbá Pọ́ọ̀lù ti ń jẹ tirẹ̀ ní gbogbo ìgbà tá a ń sọ ìyẹn. Ó jẹ ẹ́ tán, ó dúpẹ́, ó wá kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan kó lè bá ìyá náà dọ́gba, ó bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìyá náà ló ń fún àlejò.

Wọ́n ń pe ìyá náà ní Yèyé. Rẹ́mọ paraku ló ń sọ, ẹ jẹ́ kí n fi Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́ sọ ọ́. Ó ní ní ayé ogun, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ẹfúndùnkẹ́ ló ń dáko sídìí igi yẹn, kò sí ilé mìíràn níbẹ̀. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé ń bọ̀ láti inú igbó, ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Àfọ̀n nìkan ni obìnrin náà ní. Ó sè é, ó sì fún gbogbo wọn kí òun tó fi kan ẹnu. Àwọn yẹn ni wọ́n dúró, tó di ìlú. Ọdẹ náà wà nínú wọn. Lóòótọ́ ló pa erin, lóòótọ́ ló fi ìbọn rẹ̀ ṣọ́ wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi í ṣe olórí, inú gbogbo èèyàn sì dùn sí i. Yèyé ní, "Ìlú di tirẹ̀, a gbà. Igi ò di tirẹ̀." Ọmọ ọmọ Ẹfúndùnkẹ́ lòun. Nínú agbo ilé wọn, òun nìkan ló kù tó ń gbé ìlú, Èkó ni àwọn ọmọ wà, kò sì sí ẹni tí yóò máa jókòó sórí àpótí yẹn lẹ́yìn òun. Ó ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kọ orúkọ ìlú sára òkúta. Ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n má kọ ìyá òun dànù kí òun tó kú.

A gun ọ̀kadà padà sílé. Bí Bàbá Pọ́ọ̀lù ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ní kí n lọ pe Fadá. Mo gbà fún Fadá Antoní. Ẹlòmíràn ìbá ní ọ̀rọ̀ ti kọjá, pé ìwé ti lọ. Òun padà sí Ìdí-Àfọ̀n, ó bẹ Baálẹ̀ kó pe ìlú jọ, ó sì sọ lójú gbogbo wọn pé ẹ̀gbẹ́ kan lòun gbọ́, òun fẹ́ gbọ́ èkejì. Iwájú ilé Baálẹ̀ la jókòó sí. Olórí Ọdẹ, àbúrò Baálẹ̀, ló kọ́kọ́ dìde, ọkùnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ ń dún bí ìgbà tí wọ́n la igi. Ó ní ilé àwọn ló ń jọba ibẹ̀, pé ìtàn ìdí ààrò lásán ni ìtàn obìnrin. Yèyé ò bá a jà. Ìbéèrè ló bi í, pé nígbà tí àfọ̀n bá gbó, ṣé ilé ọdẹ ló ń fún àlejò ni àbí ilé tòun. Ó ní bó bá jẹ́ igi ọdẹ ni, kí ló dé tí ọdẹ náà fi ń dúró dè òun kó tó jẹ. Olórí Ọdẹ bínú kúrò níbẹ̀, àmọ́ Baálẹ̀ ní òótọ́ ni Yèyé sọ, pé kí wọ́n kọ ìyá síbẹ̀. Fadá rò ó díẹ̀, ó sì fi ẹfun kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún wa: AD ARBOREM MATRIS. Ní Ìdí Igi Ìyá.

Irin ọwọ́ ni Bàbá fi gbẹ́ ẹ sára mábù funfun kan tó ti tọ́jú tipẹ́. Mi ò lè sọ bó ṣe rẹwà fún yín. Ó ti darúgbó débi pé wọ́n ń bá a di ife tíì mú, àmọ́ bó bá ti mú irin, ọwọ́ náà á dúró ṣinṣin. Mo jókòó tì í bí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́.

Ọ̀nà Ìdí-Àfọ̀n ni jàǹbá wa ti ṣẹlẹ̀. A gbé òkúta náà sínú ọkọ̀ akẹ́rù, a dè é, a sì fi àpò tẹ́ ẹ. Bí a ṣe yà kúrò lójú ọ̀dà, tó kù díẹ̀ ká wọ ìlú, táyà ẹ̀yìn já sínú kòtò tí àgbàrá gbẹ́, ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, okùn já, òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bọ̀. Bàbá Pọ́ọ̀lù ló kọ́ mi pé òkúta tó bá fẹ́ ṣubú, èèyàn kì í nawọ́ gbà á, ńṣe ni kó sá fún un. Òun gan-an ló na ọwọ́. Mo rò pé kò mọ̀ pé òun nà án. Òkúta náà já lé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ irin ọkọ̀, ó fọ́ sí méjì, ọwọ́ náà sì fọ́. Bàbá ń wò mí bí ẹni pé èmi ni nǹkan ṣe. Nígbà tí a gbé e dé ọsibítù, dókítà tọ́jú rẹ̀ dáadáa, wọn ò gé ọwọ́ náà, àmọ́ ó sọ fún mi pé ọwọ́ yìí ò tún ní mú irin mọ́. Mo jáde lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún.

Ní Ìdí-Àfọ̀n, ariwo mìíràn ti ta. Olórí Ọdẹ ní baba ńlá wọn ti fèsì. Ó ní bí kò bá lọ́wọ́ nínú ẹ̀, kí ló dé tí òkúta fi fọ́ lẹ́nu ibodè ìlú. Ẹ̀rù ba àwọn èèyàn, Baálẹ̀ náà ní ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ná. Fadá wá bá mi, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì, ó ní bóyá ká kàn kọ Ad Arborem, Ní Ìdí Igi, láì dárúkọ ẹnikẹ́ni, kí àlàáfíà lè wà. Láàárín ìgbà náà ni Yèyé dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọ́n ní kì í béèrè oúnjẹ, pé ohun tó máa ń béèrè ni bóyá wọ́n ti kọ ọ́. Gbogbo alángbá ló da inú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Tèmi ń run mí. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ọ̀gá mi bá lọ ló fẹ́ di asán yẹn.

Olórí Ọdẹ yìí náà ló wá kí Bàbá Pọ́ọ̀lù nílé. Ó ní láti wá. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ìlú yín, ẹ gbọ́dọ̀ wá kí i, ì báà jẹ́ ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ náà, ì báà jẹ́ ẹ kórìíra rẹ̀. Ó bá Bàbá lórí ìjókòó, wọ́n fi aṣọ funfun di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń fi ọwọ́ òsì kọ lẹ́tà sórí síléètì. M ni. Kò dáa rárá, ó ń wọ́ bí ejò. Ọkùnrin náà wò ó. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀rù ò bà yín ni?"

Bàbá Pọ́ọ̀lù gbé ẹfun sílẹ̀. "Mo jẹ àfọ̀n yín," ó ní. "Àlejò tó jẹun yó, tó wá sẹ́ ẹni tó sè é, kí lẹ máa ń pe irú rẹ̀ lọ́dọ̀ yín?"

Mò ń da omi sí ife fún Olórí Ọdẹ lọ́wọ́. Ó jókòó ti Bàbá, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó ní, "Baba ńlá wa náà jẹ ẹ́."

Kò mu omi náà. Ó ní kí Bàbá bá òun sọ fún Fadá pé wọn ò gbọ́dọ̀ ra òkúta mìíràn. Iwájú ilé wọn ni òkúta pẹlẹbẹ kan wà, akọ òkúta dúdú, tí àwọn ọdẹ ti ń pọ́n àdá lórí rẹ̀ láti ìgbà tí ìlú ti wà, tí ojú rẹ̀ fi di kòtò níbi mélòó kan. Ó ní òun á bá ẹ̀gbọ́n òun sọ̀rọ̀, pé orí òkúta ọdẹ ni kí wọ́n kọ ìyá sí. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó borí nínú ìjà, mi ò rí ẹlòmíràn rí tó fi ìjà sílẹ̀ pẹ̀lú iyì bẹ́ẹ̀.

Mo gbé ẹ̀rọ mi tó tóbi dé iwájú ilé Baálẹ̀, mo tan jẹnẹrétọ̀. Akọ òkúta yẹn jẹ eyín ẹ̀rọ run kí ẹ̀rọ tó lè ha á díẹ̀. Mo tún fi òmíràn sí i, ó jẹ ẹ́ run. Mo pa jẹnẹrétọ̀. Bàbá Pọ́ọ̀lù jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un, kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà, ó kàn fi ẹnu júwe ibi tí àpò irin àtijọ́ rẹ̀ wà. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo jókòó sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Apá mi ti gbàgbé, èjìká mi ń ké. Mi ò gbẹ́ ohunkóhun tó le tó bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì tíì gbádùn iṣẹ́ kankan tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí mo bá ti fẹ́ yára, Bàbá á wúkọ́, màá sì dẹwọ́. Àwọn ọdẹ pín ara wọn, wọ́n ń pọ́n irin fún mi, torí irin ò lè ṣe lẹ́tà kan tán kó tó kú. Àwọn tí Olórí Ọdẹ fi ṣíwájú iṣẹ́ náà ni àwọn ọmọ tirẹ̀. Fadá máa ń wá, á ká aṣọ rẹ̀ sókè, á gbá eruku kúrò.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí ní ìbéèrè kọ̀ǹpútà, ìdáhùn mi ò ju ibẹ̀ yẹn lọ. Ẹ̀rọ gba iṣẹ́ mi, mo sì fọwọ́ sí i, torí kò yẹ kí gbogbo òkúta ilẹ̀ ayé máa pa èèyàn léjìká. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́ iṣẹ́ yín débi pé bí ẹ̀rọ bá kú, ẹ̀yin ò ní kú pẹ̀lú rẹ̀. Kí ẹ sì wá ọ̀gá tí ẹ lè bẹ̀rù, tí ẹ tún lè fẹ́ràn. Mo rí ọ̀kan, mo sì mọ̀ pé orí mi bá mi ṣe é.

Ọjọ́ tí mo parí lẹ́tà tó kẹ́yìn, wọ́n gbé Yèyé wá lórí àga. Ó ti rù, aṣọ ló kù lọ́rùn rẹ̀. Olórí Ọdẹ fúnra rẹ̀ ló di ẹsẹ̀ àga náà mú níwájú, ọmọ rẹ̀ mú ẹ̀yìn. Wọ́n gbé e sún mọ́ òkúta náà. Yèyé ò mọ̀wé, ojú rẹ̀ náà ò sì ríran dáadáa mọ́. Ó na ìka. Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e sórí MATRIS, ó sì ń fi ìka tọ inú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lọ láìkánjú, gbogbo ìlú dúró, wọ́n ń wò ó. Ó dé òpin rẹ̀, ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

"Ó jìn," ó ní. Ó wá gbé ojú sókè, kì í ṣe sí èmi tí mo gbẹ́ ẹ, kì í ṣe sí Fadá tó mọ èdè náà. Olórí Ọdẹ ló kọjú sí. "Ṣé ibí yìí ni ìyá mi wà?"

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi kan ilẹ̀, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ Yèyé lórí òkúta náà.

"Ibẹ̀ ni, Yèyé," ó ní. "Ibẹ̀ ni ìyá wa wà."

Mo kó irin jọ sínú àpò, mo gbé e fún ọ̀gá mi. N kò tún gbẹ́ òkúta mìíràn mọ́ láti ọjọ́ náà.